Ṣòkòtò Alájì Háddù àti Ìyàwó Òjò

Ẹjọ́ kan yọ sí ààfin wa lánàá, ẹjọ́ tí ẹnu ẹni tó gbé e wá kò lè pe orúkọ ohun tó fà á. Bí mo ṣe ní ààfin yẹn, kí ẹ má rò pé ilé aláràbarà ni o. Yàrá alámọ̀ kan ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sálásí, òjò tó ti ń rọ̀ láti ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn sì ti lu òrùlé rẹ̀. Baálẹ̀ Básù jókòó sórí ẹní, wọ́n gbé abọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí omi máa kán sí i. Àwa ìgbìmọ̀ tò sí ara ògiri, olúkúlùkù nínú jàlàmíà rẹ̀, pẹ̀lú ife tíì eléwé míńtì lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó bínú sí omi tó ń kán. Láti ìgbà tí a ti ká ólífì la ò ti fojú kan òjò kó tó di èyí, ọkà báálì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán lóko. Ẹni tí òjò bá ń kán sí lórí nírú àsìkò bẹ́ẹ̀, ọpẹ́ ló yẹ kó máa dá.

Alájì Háddù ló pẹjọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ò bá mọ Alájì Háddù, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní ṣókí: òun ló rán yẹ̀rì fún kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀. Ó ní ojú ń ti òun tí ẹran náà bá ń kọjá níwájú àwọn obìnrin. Tíwínà ni wọ́n ń pe abúlé wa, lórí òkè Átílásì níhìn-ín, onítìjú sì ni wá láti ọjọ́ aláyé ti dáyé. Aṣọ tí a bá fọ̀, inú yàrá la ti ń sá a, a ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, kí ẹni tó ń kọjá má baà mọ ohun tí ẹnì kejì rẹ̀ ń wọ̀ sábẹ́. Ti gbogbo wa jẹ́ ìtìjú. Ti Alájì ti kúrò ní ìtìjú, ó ti di àìsàn.

"Baálẹ̀, wọ́n ti bà mí lórúkọ jẹ́," Alájì bẹ̀rẹ̀.

"Ta ló bà ọ́ lórúkọ jẹ́?" Baálẹ̀ bi í. Ìṣojú Baálẹ̀ ni wọ́n ti kọ Alájì nílà, nítorí náà kì í pè é ní ẹ̀yin.

"Túdà ni! Túdà, ọmọ ọmọ Hénù, òun àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀. Wọ́n gun òrùlé mi, wọ́n jí nǹkan mi gbé."

"Kí ni wọ́n jí?"

"Nǹkan."

"Nǹkan wo?"

"Nǹkan mi ni, Baálẹ̀."

"Adìẹ ni?"

"Adìẹ kọ́ o."

"Oyin ni?"

"Baálẹ̀, nǹkan wíwọ̀ ni."

"Fìlà!"

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀."

"Bẹ́líìtì?"

"Ẹ tún sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ sí i."

"Bàtà!"

"Ẹ ti sọ̀ kalẹ̀ jù, Baálẹ̀. Ẹ máa gòkè padà bọ̀."

Ó ti yé wa, kálukú sì gbójú sínú ife tíì rẹ̀ bí ẹni pé nǹkan bọ́ sínú rẹ̀. Sákkù, tó ń lọ ọkà fún gbogbo abúlé, fi ife tirẹ̀ bojú pátápátá.

"Ṣé ohun tí mò ń rò yẹn ni?" Baálẹ̀ rọra bi í.

"Òun gan-an ni."

"Ó ga o. Níwọ̀n bí ibí ti jẹ́ ilé ìgbìmọ̀, tí àgbà sì wà níjókòó, ẹ jẹ́ kí á kúkú máa pè é ní dúkìá. Kí ni wọ́n fi dúkìá náà ṣe?"

"Wọ́n wọ̀ ọ́ fún ìyàwó òjò!"

"Yéè!" gbogbo ilé pariwo.

Ìyàwó òjò kì í ṣe nǹkan tuntun. Bí ọ̀dá bá dá, àwọn obìnrin àti ọmọdé á mú ìpọn igi ńlá tí a fi ń bu ọbẹ̀ níbi ìnáwó, wọ́n á de igi mọ́ ọn bí apá, wọ́n á wọṣọ fún un bí ìyàwó ojú ọ̀nà, wọ́n á wá máa gbé e kọrin kiri. Onílé kọ̀ọ̀kan á da omi lé e lórí, kí òjò lè rí ìyàwó rẹ̀ kó sì sọ̀ kalẹ̀ wá fẹ́ ẹ. Ìlànà ni, àwọn ìyá wa ṣe é, ìyá wọn ṣe é. Ṣùgbọ́n ìyàwó wo ló ń wọ dúkìá ọkùnrin?

Wọ́n pe Túdà wọlé. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́wàá ni, tín-ín-rín bí igi ìṣáná, kò wọ bàtà. Hénù, ìyá bàbá rẹ̀, fi ọ̀pá tẹ̀lé e lẹ́yìn, nítorí ojú ìyá àgbà náà kò ríran mọ́.

"Túdà," Baálẹ̀ wí, "ṣé ìwọ lo mú dúkìá Alájì?"

"Dúkìá wo, Baba?"

"Dúkìá tí... èyí tí ẹ wọ̀ fún ìpọn."

"Háà, ṣòkòtò wọn!"

Ẹ ò rí bí ilé ṣe dàrú! Múhà, ọdẹ tó ń ṣọ́ oko wa, da tíì gbígbóná sí ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Alájì fi ọwọ́ méjèèjì di etí.

"Ẹ gbọ́ bó ṣe pè é! Gbangba báyìí! Lójú àgbà!"

"Kí ni kí n pè é, Alájì? Ṣebí ṣòkòtò ni."

"Ó tún pè é!"

"Dákẹ́, Túdà," Baálẹ̀ sọ. "Fi ọgbọ́n sọ̀rọ̀. Kí ló gbé yín dé ìdí... kí ló gbé yín dé ọ̀dọ̀ dúkìá Alájì?"

"Ẹ̀yin àgbà ni, Baba."

"Àwa kẹ̀?"

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé aṣọ tí ojú ayé ò rí rí ni ìyàwó òjò gbọdọ̀ wọ̀. Tẹ́lẹ̀, inú àpótí ìyàwó tuntun ni wọ́n ti máa ń mú un. Lọ́dún yìí, ọ̀dá ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbéyàwó. Àwa ọmọdé wá jókòó, a ronú. A rò ó títí. Fìlà yín, Baba, gbogbo ayé ti rí i. Ìborùn ìyá mi àgbà, òun ni wọ́n fi ń sẹ́ epo. Aṣọ wo ló wà ní Tíwínà tí ẹ̀dá alààyè kan ò fojú kàn rí? Gbogbo wa pariwo pa pọ̀: ti Alájì Háddù!"

"Ẹ gbọ́, Baálẹ̀? Ó ń fi mí ṣẹ̀sín!"

"Yíyìn là ń yìn yín, Alájì. Tí ẹlòmíràn bá ní ìtìjú tó yín, à bá mú tirẹ̀."

Ikọ́ gbé Baálẹ̀. Ó wú u pẹ́. Nígbà tó gbójú sókè, omi wà lójú rẹ̀.

"Òjò náà wá ńkọ́? Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

"Baba, a ò tíì dé ẹnu ọ̀nà ilé ìlọkà tó fi ṣú. A ò tíì kọjá ibẹ̀ tó fi bẹ̀rẹ̀. Ìpọn náà tutù rinrin, ṣòkòtò sì lẹ̀ mọ́ ọn lára."

"Ẹ ní kó dákẹ́!" Alájì pariwo. "Mo ní ẹlẹ́rìí. Múhà, dìde, sọ bí ojú ti ṣe tì ọ́."

Múhà dìde, ó ń gbọn tíì kúrò lẹ́sẹ̀. "Baálẹ̀, mo wà lábẹ́ igi álímọ́ńdì tí mò ń ṣọ́ oko, mo rí wọn tí wọ́n ń bọ̀. Bí mo ṣe rí ohun tí wọ́n gbé, ìbẹ̀rù Ọlọ́run mú mi. Kíá, mo di ojú mi."

"O ṣeun, ọmọlúàbí ni ọ́. Lẹ́yìn tó o di ojú, kí lo rí?"

"Dúkìá funfun ni, olódòdó pupa. Òdòdó náà tóbi níwájú, ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn. Okùn ìbàdí rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé. Wọ́n lẹ àbùlẹ̀ sí orúnkún òsì."

"Ojú dídì lo fi rí gbogbo ìyẹn?"

"Ọ̀kan ni mo dì, Baálẹ̀. Ìkejì ni mo fi ń ṣọ́ oko."

Sákkù ò lè mú un mọ́ra. "Irọ́ ló ń pa! Orúnkún ọ̀tún ni àbùlẹ̀ wà."

"Ṣé ìwọ náà rí i ni?" Baálẹ̀ bi í.

"Èmi? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Bí mo ṣe gbọ́ orin wọn báyìí ni mo kọjú sí ògiri. Òjìji rẹ̀ ló wá bá mi lára ògiri níbẹ̀."

"Òjìji wá ní àbùlẹ̀?"

"Oòrùn mú gan-an lọ́jọ́ náà, Baálẹ̀."

"Oòrùn wo? Ọmọ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ní wọn ò tíì dé ẹnu ọ̀nà rẹ tí òjò fi ṣú."

"Kó tó ṣú ni. Ìṣẹ́jú tó ṣáájú. Ohun tí mo kàn fẹ́ sọ ni pé Múhà ò mọ nǹkan kan nípa aṣọ. Ó ní òdòdó pupa. Òdòdó yẹn ò pupa tán, àárín rẹ̀ dúdú, etí rẹ̀ ká sókè díẹ̀. Aṣọ náà sì rọ̀, kì í yúnni lára."

"Òjìji ló sọ fún ọ pé kì í yúnni lára?"

Sákkù jókòó, ó ní òungbẹ ń gbẹ òun.

Baálẹ̀ yíjú sí Alájì. "Ó dáa. Alájì Háddù, kí á tó máa bá a lọ: ṣé tìẹ ni dúkìá olódòdó yìí?"

Ibẹ̀ ni Alájì ti há sáàárín ọ̀rọ̀ méjì. Tó bá ní tòun ni, gbogbo Tíwínà ti mọ̀ pé òdòdó ló ń wọ̀ sábẹ́ jàlàmíà. Tó bá ní tòun kọ́, kí ló wá ń wá níwájú wa? Ó wo òrùlé, ó wo abọ́ omi.

"Tèmi ni," ó wí nígbẹ̀yìn, "ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mò ń wọ̀ ọ́."

"Ta ló ń wọ̀ ọ́?"

"Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ mi."

"Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́?"

"Mo rán yẹ̀rì fún un, kò bò ó tó. Mo wá rán... dúkìá kún un."

"Alájì, ẹsẹ̀ mélòó ni dúkìá náà ní?"

"Méjì."

"Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ńkọ́?"

"Ẹ̀yìn nìkan ló ń wọ̀ ọ́ sí, Baálẹ̀. Iwájú rẹ̀ kò ní àbùkù."

Ẹ̀rín ti fẹ́ pa àwọn obìnrin tó wà níta. Àwọn obìnrin wa kì í wọlé ìgbìmọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹjọ́ tí a dá rí tí wọn ò dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn gbọ́ látòkè délẹ̀. Ẹ̀rín wọn yẹn ló tún wá mú Alájì bínú. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín," ó ní. "Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ lọ́mọbìnrin nílé. Ohun kan ṣoṣo ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ yìí. Ẹ yọ Túdà kúrò nílé-ìwé. Ẹ tì í mọ́ inú ilé Hénù, kó má dé odò, kó má dé òpópó, títí ọkọ á fi wá gbé e. Ọmọbìnrin tó lè gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sókè ní ìta gbangba, ìwé ló bà á jẹ́. Bí ẹ bá fojú fo èyí, ọ̀la, ti Baálẹ̀ ni wọ́n máa gbé jó."

Kí n má purọ́ fún yín, orí wa bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Kí ni orí àgbà tún mọ̀ ọ́n ṣe nínú ìgbìmọ̀ ju kó máa mì lọ? Ẹnì kan ní, "Alájì sọ òótọ́." Ẹlòmíràn ní, "Ayé ti bàjẹ́." Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ti ti ọmọ mọ́lé ní abúlé wa rí nítorí nǹkan tó kéré ju èyí lọ.

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Túdà. Ó di ọ̀pá ìyá àgbà rẹ̀ mú.

"Baba," ó wí, "ẹ nà mí."

"Kí lo wí?"

"Ẹ nà mí lẹ́gba, iye tó bá wù yín. Màá jókòó lé ìdí tó ń ta mí náà nílé-ìwé, mi ò ní ráhùn. Ẹ ṣáà má tì mí mọ́lé."

Hénù kúnlẹ̀. Kò rí ibi tó kọjú sí dáadáa, ẹ̀gbẹ́ Sákkù ló kúnlẹ̀ sí.

"Baálẹ̀, mo bẹ̀ yín nítorí Ọlọ́run. Bàbá rẹ̀ wà ní Kasabúláńkà, ó ń po sìmẹ́ǹtì. Kì í lè wálé. Ó máa ń tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù, ọmọ yìí ló ń kà á fún mi. Ojú mi ti fọ́, ẹnu Túdà ni mo fi ń rí ọmọ mi. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n kà ni, ó ṣì ń kọsẹ̀ lórí àwọn tó gùn. Tí ẹ bá yọ ọ́ báyìí, á gbàgbé. Ta ni yóò máa sọ fún mi bóyá ọmọ mi jẹun?"

Omi kán sínú abọ́. Baálẹ̀ fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ kan kù tí ẹ̀yin ọlọ́gbọ́n ò ronú kàn," ó ní. "Aṣọ ìyàwó òjò, ẹ̀bùn ni. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Èyí tí a bá jí, òjò kì í wò ó, ọ̀dá ló ń dá kún ọ̀dá. Àbí mo purọ́?"

"Ẹ ò purọ́, Baálẹ̀," a dáhùn.

"Òjò rọ̀ àbí kò rọ̀?"

A wo abọ́. "Ó rọ̀."

"A jẹ́ pé ẹnì kan ló fi dúkìá náà tọrẹ. Túdà, ta ló fún ọ?"

Túdà wo ilẹ̀. "Mi ò lè sọ, Baba."

"Kí ló dé?"

"Mo ti ṣèlérí."

"Kò sí ẹni tó fún un!" Alájì pariwo. "Ta ni yóò fún un nínú ilé mi? Jíjí ló jí i!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Baba," Túdà ní. Ó ti ń sunkún wàyí. "Èmi ni mo jí i."

Ẹ ò rí nǹkan! Ọmọ tó ní ẹnu bí abẹ láti òwúrọ̀, òun ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ara rẹ̀ di olè. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dọ́kàn. Ṣùgbọ́n ìlànà ni ìlànà. Baálẹ̀ mí kanlẹ̀.

"Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ẹ ti gbọ́. Ẹni tó bá ní kí á tì í mọ́lé, kó nawọ́."

Ọwọ́ Múhà ló kọ́kọ́ lọ sókè. Ti Sákkù tẹ̀lé e. Ìyókù ń bọ̀ díẹ̀ díẹ̀, bí ọwọ́ ẹni tó ń na ara nídìí oorun, ni ilẹ̀kùn bá ṣí. Yámìná ló wọlé, ìyàwó Alájì, ó ru àtẹ búrẹ́dì báálì tí àwọn obìnrin yan fún wa.

"Ẹ sọ ọwọ́ yín kalẹ̀," ó ní. "Èmi ni mo fún un."

"Yámìná!" Alájì fò dìde. "Padà sílé!"

"Ilé náà ni mo wà láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti gbé mi níyàwó, baálé mi. Ẹ jẹ́ kí n dúró síta díẹ̀." Ó gbé búrẹ́dì kalẹ̀, ó nu ọwọ́. "Baálẹ̀, mo kí yín. Ọmọ yìí ò jí nǹkan kan. Ẹ̀wà mi ń kú lóko. Ojoojúmọ́ ni mò ń pọn omi lọ wọ́n ọn, ilẹ̀ á fà á mu bí ẹni pé mi ò ṣe nǹkan kan. Túdà wá dúró lórí òrùlé, ó ní, 'Ìyá, ẹ fún wa ní aṣọ tí ojú ayé ò rí rí.' Ó béèrè o. Ó kí mi kó tó béèrè. Mo wá wọ yàrá tí mò ń sá aṣọ sí. Ẹ mọ bí yàrá yẹn ṣe rí? Òkùnkùn, ilẹ̀kùn títì. Aṣọ ò gbẹ níbẹ̀ rí, olú ló ń hù. Inú aṣọ tútù bẹ́ẹ̀ ni mo ti tọ́ ọmọ mi dàgbà, ó wúkọ́ títí ó fi bá tirẹ̀ lọ sí ìlú ńlá. Ó sú mi, Baálẹ̀. Ó ti sú mi tipẹ́. Mo fà á yọ, èyí tó pupa jù nínú wọn, mo ní, 'Gbà. Ó kéré tán, kí ohun kan nínú ilé mi rí oòrùn.' Nígbà tí ẹ̀rù wá bà mí, mo ní kó má dárúkọ mi. Kò sì dárúkọ mi, ẹ ṣáà rí i fúnra yín."

Alájì jókòó bí àpò tí wọ́n ti da ọkà inú rẹ̀ nù.

"O ti pa mí," ó wí fún ìyàwó rẹ̀, jẹ́jẹ́, kò tilẹ̀ pariwo mọ́. "Gbogbo ayé ti mọ̀ pé òdòdó ni mò ń wọ̀. Ojú wo ni màá fi máa wo ọkùnrin ẹgbẹ́ mi?"

Ìyọ́nú wà lójú Yámìná nígbà tó wò ó. Ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Ẹ̀yin nìkan kẹ̀, baálé mi? Ẹ rántí aláṣọ tó fi ìbaaka kiri wá síbí kí òtútù tó bẹ̀rẹ̀. Ìgàn aṣọ kan péré ló kù lẹ́yìn ẹran rẹ̀, ìgàn gbọọrọ, olódòdó. Èyí tó rọ̀ tó sì móoru, òun nìkan ló ní. Mo gé tiyín lára rẹ̀. Kí n tó dé ìkángun òpópó, mo bojú wẹ̀yìn, ìgàn ti tán." Ó wò wá kárí, láti orí Baálẹ̀ dé orí èmi tí mo wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. "Ẹ̀yin àgbà, mo fẹ́ béèrè. Àwọn wo ló ra ìyókù?"

Ẹ wá gbọ́ ariwo ẹ̀rín lẹ́yìn ilẹ̀kùn! Nínú ilé, ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Múhà rọra fa etí jàlàmíà rẹ̀ bo ọrùn ẹsẹ̀. Sákkù tún ti kọjú sí ògiri. Lèmọ́mù mọ́sálásí wa, tó wà nínú ìgbìmọ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í ka àdúrà wúyẹ́wúyẹ́. Èmi náà ká ẹsẹ̀ mi sábẹ́, òtútù ló mú mi. Olúkúlùkù wa ti rò pé òun nìkan ni ìyàwó òun rán òdòdó fún. Nígbà tí mo fi máa wo Baálẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì tó nà sórí ẹní láti àárọ̀ ti pòórá sábẹ́ aṣọ.

Baálẹ̀ ló kọ́kọ́ gbójú sókè.

"Ẹ gbọ́ ìdájọ́," ó ní. "Ẹni tó bá ṣì fẹ́ kí á ti Túdà mọ́lé, ààyè gbà á. Kó dìde síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kó gbé etí jàlàmíà rẹ̀ sókè dé orúnkún. Bí a ò bá rí òdòdó, ọmọ ò gbọdọ̀ dé ilé-ìwé mọ́ láéláé. Ó yá, mò ń wò yín."

Ẹnikẹ́ni ò mira.

"Múhà, ìwọ lo kọ́kọ́ nawọ́."

"Ẹsẹ̀ tí tíì jó yìí ń dùn mí, Baálẹ̀."

"Sákkù?"

"Mo ti fi gbogbo rẹ̀ lé Ọlọ́run lọ́wọ́."

"Alájì, ìwọ olùpẹ̀jọ́ ńkọ́?"

"Mo ti dárí jì í, Baálẹ̀. Ọmọdé ni."

"Ó dáa. Hénù, dìde nílẹ̀, wọ́n ò ní gba ojú rẹ lọ́wọ́ rẹ. Túdà, máa lọ sílé-ìwé. Ìwé ni kó o mọ ọ̀nà rẹ̀, fi òrùlé onílé sílẹ̀ fún onílé. Alájì, ìwọ má lọ. Ọ̀rọ̀ tìẹ ṣì kù."

"Tèmi kẹ̀?"

"O gbé ẹjọ́ wá tí ẹnu rẹ ò lè pè. O fẹ́ gba ilé-ìwé lọ́wọ́ ọmọ, o fẹ́ gba ojú lọ́wọ́ ìyá àgbà, nítorí nǹkan tí ìtìjú ò jẹ́ kó o dárúkọ. O ò ní kọjá ẹnu ọ̀nà yìí àfi tó o bá pè é lórúkọ. Sókè. Kí àwọn tó wà níta gbọ́."

Alájì wólẹ̀. "Baálẹ̀, ẹ nà mí. Ẹ gba àgbò mi."

"Àgbò rẹ ò ṣẹ̀ mí."

Ó sọ nǹkan kan sínú irùngbọ̀n.

"A ò gbọ́."

"Ṣò..."

"Ó kù díẹ̀."

"Baálẹ̀, ẹ ṣàánú mi!"

"Ọmọ ọdún mẹ́wàá pè é lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ yìí, kò kú."

Alájì di ojú. Ó mí sínú. "Ṣòkòtò!" ó ké, ohùn rẹ̀ gba òrùlé kọjá. Ẹ gbọ́ bí àwọn ọmọdé ṣe pàtẹ́wọ́ níta. Ó la ojú, ó wò yíká. Ó dà bíi pé ó ń retí kí ilé wó. Ilé ò wó.

"Ó parí," Baálẹ̀ wí. "Ó ku kékeré kan. Láti ọjọ́ tí mo ti joyè ni yàrá yìí ti ń rùn. Mo ti máa ń rò pé òórùn ọgbọ́n àgbà ni. Lónìí ni Yámìná là mí lójú: aṣọ tí kò gbẹ ni. Láti ọ̀la, orí òrùlé ni gbogbo Tíwínà yóò máa sá aṣọ sí. Ilé tó bá tún sá a sínú yàrá, èmi fúnra mi ni màá wá gbé e síta, màá sì pariwo orúkọ ẹni tó ni ín."

Bí ìdájọ́ ṣe lọ nìyẹn. Àwọn obìnrin ò tilẹ̀ jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ dáadáa lónìí. Yámìná ló kọ́kọ́ gun òrùlé pẹ̀lú agbọ̀n aṣọ lórí, ó ń kọrin. Ìyàwó Sákkù tẹ̀lé e. Ìyàwó Baálẹ̀ náà gòkè. Nígbà tí oòrùn fi máa yọ, gbogbo òrùlé ti pupa fún òdòdó, láti ẹnu odò dé ilé ìlọkà. Túdà àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ kọjá lọ sílé-ìwé, wọn ò tilẹ̀ gbójú sókè. Kí ni wọ́n fẹ́ wò níbẹ̀? Ṣòkòtò ṣá ni.

Àwa ọkùnrin ni a ò tíì jáde. Wọ́n fọ gbogbo rẹ̀ pátá ni, wọn ò ṣẹ́ ẹyọ kan kù fún wa. Aṣọ ìbora ni mo ró mọ́dìí bí mo ṣe ń rò fún yín yìí, mo sì ń yọjú lójú fèrèsé bóyá tèmi ti gbẹ. Òjò sì tún ti ń ṣú.